Iná Tí Kò Dùn Mí Lẹ́sẹ̀

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fi jó láti Odode dé orí Òkè Ìdànrè. Mo ru ìgò mínírà kan, ó kún dé ẹnu, ẹ̀kán kan kò sì ta sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí àtẹ̀gùn ti tán, àwọn ọ̀bọ orí àpáta dìde dúró fún mi. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn sọ̀ kalẹ̀, ó gba ìgò náà lórí mi, ó mu ún tán, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ọ̀bọ náà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Ó máa ń tètè rẹ̀ mí báyìí, bí mo bá sọ̀rọ̀ tó gùn, àfi kí n fara ti ògiri.

Torí ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ ni mo ṣe ń kọ èyí. Àtọ̀gbẹ ni àìsàn tí ṣúgà fi ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tó fi ń bá ìtọ̀ jáde. Sítáńdáàdì Fó ni mo kà dé kí bàbá mi tó fà mí lọ sóko kòkó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí gírámà lọ́wọ́ mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kí ojú tiyín má baà rí i.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ti ijó, torí ijó ló bo àìsàn náà mọ́lẹ̀. Nínú ìjọ Aládùúrà wa ní Odode, àwọn kan wà tí wọ́n mọ àdúrà gbà. Wọ́n á la ẹnu báyìí, ọ̀rọ̀ á máa tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá kúnlẹ̀ tí mo dijú, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni kòkó tí mo sá síta àti òjò tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí agogo bá ti ń dún, tí mo bọ́ bàtà, tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi kan sìmẹ́ǹtì tútù, ó parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ mo ṣì máa ń mọ̀ pé ènìyàn ń wò mí, mo sì máa ń ju èjìká kí àwọn ìyá lè rẹ́rìn-ín. Tó bá yá, mi ò ní rí wọn mọ́. Ẹsẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀ lójú kan náà, bí ẹni tó ń tẹ amọ̀, ọkàn mi á wá dákẹ́. Ẹni tó bá ti dúró lórí àpáta wa lásìkò ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Ariwo ìlú wà nísàlẹ̀, o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ibẹ̀ ni èmi àti Ọlọ́run ti máa ń pàdé. Èmi kì í sọ nǹkan kan, Òun náà kì í sọ nǹkan kan. Ara fífúyẹ́ ni mo máa ń gbé lọ sílé.

Ìgbà tí àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí. Kì í ṣe òùngbẹ oòrùn. Mo mu odò oko wa títí àwọn ẹja inú rẹ̀ fi bẹ̀ mí. Bí mo bá sì ti mu ún ni mò ń tọ̀ ọ́. Mo ń jẹ iyán bí ẹni tó ń dí ihò, síbẹ̀ ṣòkòtò mi ń já bọ́ nídìí. Mo ní ààwẹ̀ tí mò ń gbà ló fà á.

Ìyá Bọ́lá, ìyàwó mi, ló kọ́kọ́ fura. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló pè mí sẹ́yìnkùlé.

"Bàbá Bọ́lá, kí lẹ dà sídìí ọsàn yìí?"

"Mi ò da nǹkan kan. Mo kàn tọ̀ síbẹ̀ ni."

"Ẹ wò ó. Èèrà ti bò ó."

"Ìtọ̀ mi ló dùn. Ṣebí ó yẹ kí o máa dúpẹ́ pé o fẹ́ ọkọ aládùn."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn dúró, ó ń wo àwọn èèrà náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mo ń bọ̀ láti oko lẹ́yìn òjò. Mo wọlé, mo jókòó, mo ní kí ó bu omi fún mi. Ó ní, "Sílípáàsì yín kejì dà?" Mo ní ó wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó ní kí n wò ó. Mo wo ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, àfi ẹrẹ̀ nìkan. Ẹrẹ̀ ọ̀nà oko ti gba sílípáàsì lẹ́sẹ̀ mi, mo sì rìn dé ilé láìmọ̀. Mo sọ ọ́ di àwàdà. Mo ní sílípáàsì náà ló pinnu láti dúró ṣọ́ kòkó fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí bàtà bá bọ́ lẹ́sẹ̀ yín tí ẹ kò mọ̀, ẹ má fi ṣe àwàdà.

Ìsìn ìkórè ọdún náà ni ọ̀ràn bẹ́ sílẹ̀. Ìjọ kún. Ẹni tó gbé àwo tùràrí kọsẹ̀, ẹyin iná inú rẹ̀ sì fọ́n sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, níbi tí mo ti ń jó. Mi ò rí i. Ojú mi wà ní dídì, mo ti dé ibi ìdákẹ́jẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Òórùn ẹran sísun ló kàn mí nímú, mo sì rò pé àwọn ìyá tó ń dáná ìkórè lẹ́yìn ilé ni. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹran òní á dùn.

Ìyá kan wá ké, "Ẹ wo ẹsẹ̀ Bàbá Bọ́lá! Lórí iná ló wà!"

Mo lajú. Lóòótọ́ ni. Ẹyin iná wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, kò sì dùn mí rárá. Wòlíì wa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Ta ni iná kò lè jó? Ẹni tí Ẹ̀mí bá wọ̀ ní bàtà ni!" Ìjọ gbà á, ó di "Halelúyà!" Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó wí pé kí wọ́n bomi sí mi lẹ́sẹ̀, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ pé rárá, kì í ṣe Ẹ̀mí? Èmi fúnra mi gbà pé Ẹ̀mí ni. Wọ́n sọ mí ní Ẹlẹ́sẹ̀ Iná. Láti Ofosu àti Àkúrẹ́ ni àwọn Aládùúrà ti ń wá wò mí. Wọn kì í dúró de kí iná ṣèèṣì bọ́ sílẹ̀ mọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ dè mí, èmi náà á sì jó lé e, ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, torí ó dùn mí ju iná lọ. Láti ọjọ́ náà, ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò wá mọ́. Bí mo bá ń jó lórí iná, ohùn gbogbo ènìyàn ni mò ń gbọ́, títí kan ẹni tó ń húkọ́ lẹ́yìn pátápátá.

Egbò wá jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ náà. Kò dùn mí, nítorí náà mi ò kà á sí. Ìyá Bọ́lá gbé omi gbígbóná kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yẹ ẹsẹ̀ náà wò bí ẹni tó ń yẹ ẹran wò lọ́jà. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

"Rárá."

"Èyí náà ńkọ́?"

"Mo ní rárá. Ẹ̀mí ni, Ìyá Bọ́lá."

"Bàbá Bọ́lá, láti kékeré ni mo ti ń dáná. Ẹran tó ti kú nìkan ni iná kì í dùn."

Mo bínú sí i. Mo ní aláìgbàgbọ́ ni. Ó da omi náà nù, ó sì wọlé lọ.

Nígbà tí egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ilé mi di ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi Akínọlá, tó ń dáko kòkó ní Ofosu, gbé ọkọ̀ wá. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n gbé nǹkan sọ́nà fún ẹ, o sì lọ tẹ̀ ẹ́. Ta ló ní kí o máa jó káàkiri láìwọ bàtà bí ọmọ ewúrẹ́?" Ó gbé àgbo kalẹ̀, ó bu ètù dúdú sí ojú egbò. Wòlíì náà gbé omi àdúrà wá, àti ìgò oyin. Ẹ̀yin ará ìta, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé oyin kì í ṣe nǹkan kékeré nínú ìjọ wa. A fi ń gbàdúrà kí ayé ènìyàn lè dùn. Wòlíì ní kí n máa mu ún láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ó ní kí n má ṣe fi àgbo kún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fi omi àdúrà kún àgbo. Mo mu gbogbo rẹ̀. Wọn kò bá ara wọn jà nínú mi, èmi ni wọ́n para pọ̀ bá jà.

Ìyá Bọ́lá ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ìwọ̀n tí mò ń mu oyin náà ni ojú mi ń ṣú sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo sùn lórí àga, wọn kò sì lè jí mi. Ìyá Bọ́lá kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ó dá ọkọ̀ Píjó kan dúró, ó sì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Ọ̀nà ni mo ti lajú díẹ̀, mo rí orí rẹ̀ láìsí gèlè. Ó ti fi gèlè di ẹsẹ̀ mi.

Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ara mi sì balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ ohun tí ìlà àwọn tó fẹ́ rí dókítà ń jẹ́. Bẹ́ǹṣì gígùn ni, a ó máa sún ní ìdí-ìdí, kí a tó dé ẹnu ọ̀nà dókítà, ìdí á ti kú. Mo máa ń tan ẹni tó wà níwájú mi. Màá ní èmi ni mo bá àpáta Ìdànrè jà tó fi dúró bí ojo báyìí. Bó bá ti yíjú láti rẹ́rìn-ín, màá sún wọ àyè rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà mí jù, màá máa mi èjìká díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan rí mi.

"Bàbá, kí ló ń jẹ yín lára?"

"Àdúrà ni."

"Ẹ rọra gbà á. Ẹ ń mi bẹ́ǹṣì."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ àìsàn mi. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni. Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi kì í fi ṣúgà sí ẹ̀kọ. Ìyá Bọ́lá ní, "Ẹ sọ ti oyin fún wọn." Mo yíjú sí ògiri. Òun ló sọ ọ́. Dókítà fi ọwọ́ bo ojú. Ó wá ṣí ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, "Bàbá, àìsàn yìí ló pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ yín kí iná tó débẹ̀. Báyìí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ti kú. Bí a kò bá gé e nísàlẹ̀ orúnkún, á fa ìyókù yín lọ."

Mo ní, "Dókítà, ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi ń gbàdúrà."

Ó rò pé ìkúnlẹ̀ ni mo ń sọ. Ó ní, "Ènìyàn lè jókòó gbàdúrà, Bàbá."

Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé. Mi ò fẹ́ gbọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, mo mọ bó ṣe ń rí. Kì í ṣe ikú ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mo rò ó pé bí mo bá dé iwájú Ọlọ́run láìlè jó, ta ni kí n ní kó bá mi sọ̀rọ̀?

Nínú ilé, òórùn náà wà níbi gbogbo. Ẹ̀gbọ́n mi ní a kì í gé ènìyàn lára bí igi, pé báwo ni a ó ṣe sin mí lábọ̀. Wòlíì wá kí mi. Ìyá Bọ́lá kò bá a jà. Ó kàn gbé pọ́ọ̀ tí mò ń tọ̀ sí wá, ó gbé ìgò oyin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èèrà wà lára méjèèjì. Wòlíì wò wọ́n pẹ́. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, èmi ni mo ní kó máa mu ún." Ìyá Bọ́lá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wòlíì mú oyin náà, ó dì í mọ́ abẹ́ sùtánà rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ yín kò tó, kó wá bá mi."

Síbẹ̀ mo kọ̀. Ìyá Bọ́lá wá jókòó síwájú mi.

"Ìwọ náà fẹ́ kí wọ́n gé mi lẹ́sẹ̀?" mo bi í bẹ́ẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni mo fẹ́, mo lè ra ti màlúù lọ́jà. Ó ní ọ̀rá ju tiyín lọ."

"Mi ò ní lè jó mọ́."

"Ẹ ti ṣíwọ́ ijó tipẹ́. Iná tí wọ́n ń tẹ́ yẹn, eré lẹ ń ṣe fún wọn. Mo mọ ojú yín bí ẹ bá ń jó lóòótọ́. Mo ti wò ó tó ọdún mélòó?"

Mo wo ilẹ̀. Kò tíì sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti lọ. Ó ti rí i láti ọjọ́ kìíní. Mo ní kí wọ́n pe ọkọ̀.

Ìyá Bọ́lá ta àwọn aṣọ òkè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní kí wọ́n má gé e náà ló ta kòkó tó kù nínú àká rẹ̀. Ó gbé owó náà sábẹ́ ìrọ̀rí mi, ó sì lọ jókòó síta.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo ní kí wọ́n má fi bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ taya gbé mi. Mo jó wọlé. Mo jó ijó ìdágbére fún ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, gbogbo nọ́ọ̀sì ń pàtẹ́wọ́, dókítà pàápàá fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kí àtẹ́wọ́ rẹ̀ lè dún dáadáa.

Nígbà tí mo jí, ẹsẹ̀ náà kò sí mọ́. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ tó yé mi. Ẹsẹ̀ tí kò mọ iná nígbà tó wà lára mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ó ń gbóná, ó ń tutù. Mo na ọwọ́ láti họ ọ́, bẹ́ẹ̀dì ni ọwọ́ mi bá. Dókítà ní ó máa ń ṣe àwọn mìíràn náà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan wá dé, wọ́n ń lu agogo ní ìjọ kan tí kò jìnnà sí ilé ìwòsàn. Mo sùn gbalaja, mi ò ronú nǹkan kan. Ẹsẹ̀ tí kò sí yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀ lábẹ́ aṣọ, mo mọ̀ ọ́n lára kedere, sìmẹ́ǹtì tútù, bó ti máa ń rí. Èjìká mi tẹ̀ lé e, ọrùn tẹ̀ lé èjìká, àwọn ìka ọwọ́ mi ń ṣí, wọ́n ń pa dé. Kò sí ẹni tó ń wò mí. Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń hanrun. Ariwo kẹ̀kẹ́ oúnjẹ, igbe ọmọdé, bàtà àwọn nọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ìlú tó wà nísàlẹ̀ àpáta. Ìdákẹ́jẹ́ mi padà wá. Mi ò sọ nǹkan kan. Òun náà kò sọ nǹkan kan.

Báyìí ni mo ṣe wà lónìí. Igi méjì ni mo ń ti abẹ́ apá rìn. Ìyá Bọ́lá ló ń gún mi lábẹ́rẹ́ láàárọ̀, ó sì máa ń gún un bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Mo ń jẹ ẹ̀wà, mo ń jẹ ẹ̀fọ́, mo ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, iyán di ohun tí mò ń gbọ́ ìró rẹ̀ nílé aládùúgbò. Ojú mi òsì kò ríran dáadáa mọ́. Ó ń rẹ̀ mí. Mi ò ní tàn yín, àìsàn yìí kò lọ, ó kàn jókòó pẹ̀lú mi ni. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, ìyàwó mi á gbé ẹsẹ̀ òsì tó kù lé itan, á yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, àárín ọmọ ìka dé gìgísẹ̀. Ẹ ní ẹni tí á máa yẹ tiyín wò. Ẹ wo ibi tí èèrà ń lọ. Bí iná bá kàn yín tí kò dùn yín, ẹ má ké Halelúyà, ẹ sáré tọ dókítà lọ. Ní ìjọ wa, wọn kì í tẹ́ iná sílẹ̀ mọ́. Wòlíì ló fòfin dè é. Mo ń jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, mo ń fi èjìká jó.

Ó kù kí n sọ èyí tí mo fi ẹnu ara mi dá. Irọ́ ni ti ọ̀bọ, irọ́ ni ti mínírà, mi ò sì tíì gun òkè yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n gé mi lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń wo àtẹ̀gùn rẹ̀. Ti ẹja tó bẹ̀ mí náà, ẹ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbàgbọ́ jù ni pé mo jó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mi ò jó. Wọ́n tì mí wọlé lórí bẹ́ẹ̀dì, mo di irin rẹ̀ mú, mo ń sunkún, mò ń pe ìyá mi tó ti kú tipẹ́. Ìyá Bọ́lá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí wọ́n fi ní kó dúró. Nígbà tí mo gbórí sókè ni mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ti di ẹsẹ̀ náà mú láti ìgbà tí a ti kúrò ní wọ́ọ̀dù, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára.